Ta Ló Ń Yan Bọ́ọ̀lù fún Agbágọ́ọ̀fù?

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù wà lára àwọn ọjà tí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí. Funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n tóbi bákan náà, kòtò wẹ́wẹ́ sì kún ara wọn. Síbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, páálí ẹlẹ́yọ méjìlá kan lè jẹ́ dọ́là 20, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ dọ́là 55. Ẹni tó dúró síwájú pẹpẹ yẹn tí kò mọ èyí tí yóò mú ló bí iṣẹ́ alámọ̀ràn bọ́ọ̀lù. Alámọ̀ràn yóò ní kó gbá bọ́ọ̀lù mélòó kan lójú ẹ̀rọ rédà, yóò wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ, yóò wá dárúkọ bọ́ọ̀lù tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù ló ń sanwó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ràn náà ṣe yẹ ní gbígbà tó, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí iṣẹ́ yìí tó ní orúkọ ni àwọn kan ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1902, ìdíje gọ́ọ̀fù Open ti Bìrìtéènì wáyé ní Hoylake, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ọ̀lù tó gbòde nígbà náà ni èyí tí wọ́n fi gutta-percha ṣe, oje igi kan láti ilẹ̀ Malay tí wọ́n máa ń fi omi gbígbóná rọ̀ kí wọ́n tó yí i róbótó. Láti nǹkan bí ọdún 1848 ló ti lé bọ́ọ̀lù awọ tí wọ́n ń ki ìyẹ́ ẹyẹ sí nínú kúrò lórí pápá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún náà tó parí, Coburn Haskell, ará Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, àti Bertram Work tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rọ́bà Goodrich ní Akron, ti rí i pé bí èèyàn bá fa okùn rọ́bà le dáadáa, tó wé e mọ́ kókó kékeré kan, tó sì fi gutta-percha bò ó lára, bọ́ọ̀lù náà á máa ta jìnnà. Walter Travis fi irú rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ amátọ̀ Amẹ́ríkà ní 1901. Ní Bìrìtéènì, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fò ju bó ṣe yẹ lọ, pé tó bá dé orí gírìn, ibi koríko kúkúrú tó yí ihò ká, apá kì í ká a.

Sandy Herd, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, wà lára àwọn tó fẹ́ máa bá gutta-percha lọ. Níbi ìdánrawò ni John Ball, ọmọ bíbí Hoylake, ti fún un ní bọ́ọ̀lù Haskell kan pé kó gbá a wò. Herd gbá a, ó rí ibi tó lọ, kò sì wo ẹ̀yìn mọ́. Haskell ẹyọ kan ṣoṣo ló fi gbá ihò 72 ìdíje náà, ó sì fi gbígbá kan péré borí Harry Vardon àti James Braid. Gutta-percha ṣì ni Vardon ń gbá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá alámọ̀ràn bọ́ọ̀lù tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú èsì ìdíje, John Ball ni màá dìbò fún. Kò ta nǹkan kan fún Herd.

Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù ti di ọ̀rọ̀ òfin. Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù káríayé. USGA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ló ń bójú tó Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. R&A, tó fi St Andrews ní Skọ́tíláǹdì ṣe ibùjókòó, ló ni gbogbo ibi yòókù, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fìgbà gbogbo ṣọ̀kan lórí bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1931, USGA ní bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kéré ju ínǹṣì 1.68 lọ ní ìbú, wọ́n sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí áúńsì 1.55. Àwọn agbágọ́ọ̀fù pariwo pé afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri bíi bàlúùnù. Ọdún kejì ni wọ́n dá ìwọ̀n náà padà sí áúńsì 1.62, ṣùgbọ́n ìbú dúró síbẹ̀. R&A ní tirẹ̀ gba bọ́ọ̀lù oní-ínǹṣì 1.62 láàyè, èyí tó ń gún afẹ́fẹ́ etí òkun bí abẹ́rẹ́. Ará Amẹ́ríkà tó bá wá gbá Open a máa ju bọ́ọ̀lù ilé rẹ̀ sínú àpò, a sì mú kékeré náà. Ní 1974 ni Open kọ bọ́ọ̀lù kékeré, ó sì di 1990 kó tó kúrò nínú òfin pátápátá.

Ohun tí òfin sọ lónìí kò ṣòro: bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kéré ju mìlímítà 42.67 ní ìbú. Ó ní eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà tí nǹkan bá kọ́kọ́ kọlù ú. Láti 1976 ló sì ti ní ibi tí kò gbọ́dọ̀ jìnnà kọjá. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń lò láti 2004, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbá a, ọ̀pá rẹ̀ á máa sáré máìlì 120 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù kò sì gbọ́dọ̀ kọjá yáàdì 317, pẹ̀lú ààyè yáàdì 3 lórí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní USGA ni wọ́n ń pè ní Iron Byron, nítorí pé bí agbágọ́ọ̀fù Byron Nelson ṣe ń fi ọ̀pá ni wọ́n kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù tó bá yege yóò wọ inú àkójọ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń tún gbé jáde lóṣooṣù.

Àkójọ yẹn ló yẹ kí èèyàn rántí nígbà tí alámọ̀ràn bá ń fi yáàdì 20 fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà níwájú rẹ̀ ló ti gba abẹ́ igi ìdábùú kan náà kọjá, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ti sún mọ́ igi náà dé ibi tí kò ku nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín bọ́ọ̀lù tuntun méjì pẹ̀lú dráífà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá a jìnnà jù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò, nítorí gbígbá méjì ọwọ́ ènìyàn kì í dọ́gba.

Ọdún 2000 ló sọ yíyan bọ́ọ̀lù di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Títí di ìgbà náà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n wé rọ́bà sí nínú, ọmọ-ọmọ Haskell, ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń gbá. Tiger Woods pa á tì fún bọ́ọ̀lù Nike tí inú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà kan gbáko, èyí tí Bridgestone ń bá Nike ṣe, ó sì fi ìyàtọ̀ gbígbá 15 gba US Open ní Pebble Beach. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ Titleist gbé bọ́ọ̀lù Pro V1 dé ìdíje kan ní Las Vegas. Agbágọ́ọ̀fù 47 ló mú un lójú ẹsẹ̀, Billy Andrade tó wà lára wọn ló sì gba ìdíje náà. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wé okùn rọ́bà sí nínú fi dàwátì.

Bridgestone ló kọ́kọ́ sọ yíyan bọ́ọ̀lù di ètò ńlá. Kí ọdún 2010 tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ń gbé rédà káàkiri pápá ìdánrawò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní kí ènìyàn fi dráífà gbá bọ́ọ̀lù tó ń lò, kó tún gbá tiwọn, wọ́n á wá fi bó ṣe yára, bó ṣe gòkè àti bó ṣe ń yí lójú òfuurufú wéra. Titleist kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní orí gírìn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa fà sẹ́yìn: kí ènìyàn kọ́kọ́ gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ létí gírìn, kó gbá a láti yáàdì 50, láti 100, kó tó kan irin gígùn, kí dráífà sì kẹ́yìn.

Olójà ni àwọn méjèèjì, kò sì sí olójà tí yóò gbé ìdánwò tí ọjà rẹ̀ yóò kùnà síwájú ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìjà yìí, ẹ̀yìn Titleist ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní bọ́ọ̀lù olówó ńlá láti tà. Lórí pápá ihò 18, dráífà kì í sábà jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá lọ, nítorí pé ihò kúkúrú mẹ́rin máa ń wà níbẹ̀ tí kò nílò rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbá yòókù, nítòsí ihò ni. Níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kò sì jọ ara wọn rárá.

Awọ tó bo bọ́ọ̀lù ló fa ìyẹn. Bọ́ọ̀lù owó pọ́ọ́kú sábà máa ń wọ awọ ike líle bíi Surlyn, tí kì í tètè ya, tó sì máa ń yọ̀ lójú irin. Bọ́ọ̀lù olówó ńlá wọ urethane, tó rọ̀, tí àwọn ilà ojú ọ̀pá wẹ́ẹ̀jì lè di mú. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lè mú kó yí sẹ́yìn ju ìgbà 9,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 2,500 ni èyí tí ó dára fún dráífà. Yíyí sẹ́yìn yẹn ló ń mú kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ lórí gírìn, kó ta lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó sì dúró. Inú yàrá tí wọ́n ti ń gbá a lu aṣọ kò lè fi ìdúró yẹn hàn. Ẹ̀rọ kàn ń ṣírò rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí màá fi gbà pé alámọ̀ràn tí kò bá mú oníbàárà dé etí gírìn gidi ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tí àwọn alámọ̀ràn kan ṣì ń tà: pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, bọ́ọ̀lù rírọ̀ ni kó gbá, torí pé òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ wọlé. Ó dùn ún gbọ́. Ní 2019, MyGolfSpy ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdánwò ohun èlò gọ́ọ̀fù, fi ẹ̀rọ gbá bọ́ọ̀lù oríṣiríṣi, wọ́n sì rí i pé bí bọ́ọ̀lù bá ṣe rọ̀ tó ni eré rẹ̀ ṣe ń dínkù lójú dráífà. Lọ́wọ́ ẹni tí kì í fi ọ̀pá yára, ìyàtọ̀ náà kéré. Ẹni tó bá fẹ́ràn bó ṣe ń dún pẹ̀lẹ́ lójú ọ̀pá lè máa lò ó lọ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún un bí oògùn ìjìnnà.

Fún agbágọ́ọ̀fù amọṣẹ́dunjú, òfin mìíràn tún ń mú kí yíyan le. Lórí PGA Tour, irú bọ́ọ̀lù tó bá fi bẹ̀rẹ̀ ni yóò fi parí. Kò lè gbá líle lórí ihò gígùn kó tún pààrọ̀ sí rírọ̀ lórí kúkúrú. Nínú apá kan ìdíje Ryder Cup, níbi tí ẹni méjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní ìpàṣípààrọ̀, bọ́ọ̀lù ta ni wọn yóò lò jẹ́ ara ohun tí balógun ẹgbẹ́ ń rò kó tó so ẹni méjì pọ̀.

Nílé wa ńkọ́? Àtẹ tí alámọ̀ràn ń lò, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti ṣe é, lórí gírìn koríko tó tutù, tó sì rọ̀. Àwọn pápá kan ṣì wà ní Nàìjíríà tí kò ní gírìn. Bíráùn ni tiwọn: iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo, tí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbẹ̀, ẹni tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ ṣáájú, kó yí gorí rẹ̀, nítorí náà mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń gbá lórí bíráùn yóò fi san owó urethane. Ooru wa náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, bọ́ọ̀lù a sì máa lọ síwájú sí i nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rinrin Èkó ń mú kí afẹ́fẹ́ wúwo, àmọ́ bí ooru bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ló fúyẹ́ díẹ̀ ju gbígbẹ lọ.

Lóòótọ́, alámọ̀ràn ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù wa ni kádì, ẹni tó ń ru àpò ọ̀pá fún un. Ó mọ ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yà sí. Òun náà ló sì sábà ń tà á, láti inú èyí tí wọ́n ṣà nínú igbó tàbí nínú omi. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú omi lè má ta bíi tuntun mọ́. Ẹni tó bá ra mẹ́wàá lọ́wọ́ kádì, kó jẹ́ orúkọ kan àti irú kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló yí padà tàbí bọ́ọ̀lù.

Ohun tó kù ni òfin tó ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, R&A àti USGA kéde pé àwọn yóò gbé eré ọ̀pá inú ìdánwò láti máìlì 120 sí 125, láìfi kún yáàdì 317. Bọ́ọ̀lù tó ń yege báyìí yóò kọjá ààlà, wọn yóò sì ní láti tún un ṣe. Ètò tí wọ́n gbé jáde nígbà náà ni pé àwọn ògbóǹtarìgì yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2028, gbogbo ènìyàn yòókù ní 2030. Wọ́n ṣírò pé àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn ń jìnnà jù lágbàáyé yóò pàdánù yáàdì 13 sí 15, pé ti àwa tí a ń gbá fún ìgbádùn kò ní ju 5 lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti takò ó, wọ́n ní kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Alámọ̀ràn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí dráífà yóò ní láti tún gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yan bọ́ọ̀lù létí gírìn kò ní púpọ̀ láti tún yẹ̀ wò, nítorí ìjìnnà dráífà nìkan ni ìdánwò tuntun náà kàn.