Kí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Orí Fóònù Má Bàa Di Ahoro

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ti ní ẹgbẹ́ orí WhatsApp. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀, tọmọdé tàgbà ni yóò máa kí ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ìpolówó ọjà àti àhesọ ni yóò kù. Bí iná bá wá sọ ní ilé ẹnìkan lóru, ta ni yóò rí igbe rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí tiwọn ti pẹ́. Ní ọdún 2000, ní ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, Michael Wood-Lewis àti Valerie aya rẹ̀ fẹ́ mọ àwọn aládùúgbò wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pín ìròyìn àdúgbò náà. Ní ọdún 2006, wọ́n mú un dé àwọn àdúgbò mìíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Front Porch Forum. Ó ṣì wà títí di òní.

Kí ló gbé e ró? Orúkọ gidi àti òpópónà ẹni ni a fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde. Wọ́n a sì kó o jọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ó má bàa sú ènìyàn. Àkàbà tí ẹnìkan fẹ́ yá, ajá tí ó sọnù, irú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì Irene mú omíyalé bá Vermont ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ara wọn. Ẹni tí ó ti yá àkàbà lọ́wọ́ wa rí, kò níí tijú láti ké pè wá.

Kí ni kí àwa náà ṣe? Kí olúkúlùkù kọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀. Kí a fi ẹnu kò lórí ohun tí a ó máa gbé wá síbẹ̀: iná, omi, ààbò, àìsàn, ìkómọ àti ọ̀fọ̀. Ẹni tí kò tíì san owó ọlọ́dẹ, kí a lọ bá a nílé, kí a má dójú tì í níwájú gbogbo ènìyàn. Kí a pín iṣẹ́, kí ó má já lé alága nìkan léjìká. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí a máa dáhùn, nítorí ẹni tí ó bèèrè tí kò rí ìdáhùn kì í padà bèèrè mọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ka àwọn ilé tí ó wà ní òpópónà rẹ̀. Èyí tí a kò bá mọ orúkọ àwọn tí ń gbé ibẹ̀, kí a lọ kí wọn.