Anja Andersen àti Bọ́ọ̀lù Àfọwọ́gbá ní Ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni a ó fi ṣe àtùpà bí a ti ń yẹ ìgbésí ayé Anja Andersen wò, obìnrin ará Dẹ́ńmáàkì tí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá sọ di olókìkí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń wí. Ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ó ti ṣẹ̀. Olùkọ́ kan níbẹ̀, Holger Nielsen, ni ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1906. Ẹni méje ní ń bẹ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ti bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, wọ́n sì lè máa lù ú mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré. Ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ń jù ú sí, kì í ṣe inú apẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé nìkan ni ó gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ tí ó wà láàárín ilé àti ìlà mítà 6. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ jẹ góòlù a máa fò sókè kọjá ìlà náà, a sì ju bọ́ọ̀lù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Ìwọ̀nba àkókò tí ó fi wà lókè yẹn ni ọgbọ́n Anja ti máa ń hàn. Ìlú Odense ni a bí i sí ní ọdún 1969. Bí aṣọ́lé bá ń retí pé yóò fi agbára ju bọ́ọ̀lù, ńṣe ni yóò rọra gbé e kọjá lókè orí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni yóò gbà jù ú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé irú àrà báyìí kò ní ba iṣẹ́ ikọ̀ jẹ́? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá fún àwa olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó: bí aṣọ́lé bá jáde wá dínà, òkè orí rẹ̀ ni àyè ṣí sílẹ̀. Àrà náà kì í ṣe àṣehàn lásán, èrò ni. Ikọ̀ Dẹ́ńmáàkì gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní 1994 àti 1996. Ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, wọ́n fi góòlù 37 sí 33 borí Gúúsù Kòríà lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní 1997 wọ́n gba ife àgbáyé, a sì yan Anja ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù lọ lágbàáyé.

Ní 1999, àìsàn ọkàn mú un fi eré sílẹ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Igi kan kì í dá igbó ṣe: Dẹ́ńmáàkì tún gba wúrà ní 2000 àti 2004 láìsí i lórí pápá. Òun náà kò sì káwọ́ gbera. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Slagelse, wọ́n sì gba ife Champions League ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 2004, 2005 àti 2007.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá gba ọ̀nà tí a kò kọ́ ọ yanjú ìṣòro, ẹ má ṣe yára nà án lọ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà náà dé ọjà.