Àléébù Tó Wọ́pọ̀ Lára Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Ń Tún Wọn Ṣe

Ní Ararọ̀mí-Obu àti ní àwọn abúlé mìíràn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ dé ọjà. Kòkó, ẹyìn, rọ́bà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gẹdú kì í ti ẹ̀yìn igbó jáde láìsí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti dàgbà ju awakọ̀ tó ń wà wọ́n lọ. Mercedes 911 ni tọmọdé tàgbà mọ̀ jù lọ nínú wọn, yálà ó jẹ́ àgbégilódò tàbí ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ.

A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ àtijọ́. Èyí tí a bá tọ́jú dáadáa lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Àtúnṣe aláàbọ̀ ni ó ń pani: èyí tí a ṣe kí ọkọ̀ ṣáà lè máa rìn, tí a kò ṣe é kí ó lè dúró nígbà tí a bá fẹ́ kí ó dúró.

Ìwọ̀n ẹrù ni ìbẹ̀rẹ̀

Nọ́ńbà 911 ní ìtumọ̀. 9 tó ṣáájú ń sọ pé àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. 11 tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí agbára ẹ́ńjìnnì, èyí tó jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 110. Bí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ara onígi tí a kàn mọ́ ọn, bá wọn tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ẹrù tó kù fún un kò ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Bí àpò kòkó kan bá wọn kílò 62.5, ọgọ́rin àpò ti pé tọ́ọ̀nù márùn-ún. Àpò tí a bá kó lé e lẹ́yìn èyí, bíréèkì, síprìngì àti táyà ni ó ń jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àléébù tí a ó mẹ́nu bà nísàlẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bíréèkì

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí kò tóbi jù, omi bíréèkì ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí táyà, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fún pamọ́ sínú táǹkì kékeré sì ń ran ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́. Nítorí náà, bíréèkì kì í sábà já láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì lọ sísàlẹ̀, omi ń jò tàbí afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Bí ó bá le bí òkúta, afẹ́fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ti dínkù. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a tẹ bíréèkì, láíníńgì ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ tán, tàbí ọ́ìlì ti kàn án.

Àtúnṣe tó tọ́ kò ṣòro. Kí mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò, kí ó lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, kí ó sì pààrọ̀ láíníńgì ní apá ọ̀tún àti apá òsì pa pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà ni kí wọ́n tẹ páìpù táyà tó ń jò pa, kí wọ́n ní táyà mẹ́ta yòókù yóò tó. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dúró ní gbàgede mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù bá kún inú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní dúró.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi omi lásán, omi ọṣẹ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rọ́pò omi bíréèkì. Omi lásán ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi bíréèkì tuntun tí a kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205. Bí ó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ìwọ̀n tí yóò ti hó a sì máa wálẹ̀. Nígbà tí ó bá hó, oru dípò omi ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bíréèkì a sì wọlé láìmú ohunkóhun. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ máa ń mú kí àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú, kí wọ́n sì bàjẹ́. Ó dára kí a máa pààrọ̀ omi bíréèkì pátápátá ní ọdún méjì-méjì.

Awakọ̀ tó fi ọkọ̀ sí fíríì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́ ti di gbogbo ìwúwo ẹrù ru bíréèkì nìkan. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gíà kékeré ni kí a lò, kí ẹ́ńjìnnì lè bá wa di ọkọ̀ mú. Bí ọmọ ọkọ̀ bá sì ní láti máa sáré fi igi há ẹ̀yìn táyà nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá dúró, bíréèkì ọwọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe kí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó há sábẹ́ táyà.

Ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná

Omi ẹrẹ̀ tí a bù láti ojú odò ni ó ń dí rèdíétọ̀ jù lọ. Omi tó mọ́ ni kí a máa lò, kí a sì máa fọ rèdíétọ̀ nínú àti lóde. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí awakọ̀ dúró, kí ó jẹ́ kí ó tutù kí ó tó ṣí ìdérí rèdíétọ̀, nítorí omi gbígbóná tó bá tú jáde lè bó ènìyàn lójú. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ rìn mọ́ títí a ó fi tún un ṣe. Yíyọ tọ́mósítátì dànù kì í ṣe ìwòsàn, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó yẹ máa ń jẹ epo, ó sì ń tètè gbó.

Èéfín ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúdú, ó ṣeé ṣe kí asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí kí nọ́sù máa da epo jù. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, ó lè jẹ́ omi tàbí epo tí kò jó tán.

Síprìngì, nọ́ọ̀tì àti táyà

Síprìngì tó ṣẹ́ máa ń mú kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Okùn tàbí igi kò lè rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ táyà, kí a tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè nígbà tí a bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 50 sí 100, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀. Ní ti táyà tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀rọ̀ DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó máa ń sán bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Láràárọ̀, kí awakọ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán sílẹ̀. Kí ó wo omi bíréèkì, omi rèdíétọ̀ àti ọ́ìlì. Kí ó yí àwọn táyà po, kí ó yọ òkúta tó há sáàárín táyà ẹ̀yìn, kí ó sì dán bíréèkì wò kí ó tó wọ ojú títì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò náà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti bi awakọ̀ léèrè nípa bíréèkì rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù, ẹ má sì jókòó sórí ẹrù. Oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí ìlú Oǹdó, kún fún ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ tó bá já níbẹ̀ kì í mọ ẹni tó ni ín yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú pópó, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó jìnnà dáadáa, kì í ṣe ewé nìkan. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa ń gbà. Owó rọ́bà bíréèkì kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí kan. A rọ gbogbo ẹ̀yin onímọ́tò, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ìpínlẹ̀ wa pé kí ẹ tètè ṣe é.