Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́: Bí Wọ́n Ṣe Yẹ Gíà Àti Kílọ́ọ̀ṣì Dánfó Kan Wò Ní Òkè-Odò

Hiace ni ọkọ̀ náà, dánfó aláwọ̀ yẹ́lò tó ti pẹ́ lójú títì Èkó. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n ti tún ìlà dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kùn, táyà rẹ̀ sì ń dán. Ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé e dúró sí ní Òkè-Odò, níbi tí ariwo ọjà Ilé-Epo kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìyá tó fẹ́ rà á ń ta ata nínú ọjà náà, àbúrò rẹ̀ ló sì fẹ́ gbé e fún kó máa wà á. Ó ti pe mẹkáníìkì rẹ̀, èmi náà sì bá wọn lọ. "Ọ̀gá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Owó àjọ ni."

Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnì Hiace wà. Ọ̀gá gbé ìjókòó sókè, ó fọwọ́ kan irin. Ó tutù, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí àwọn kan máa ń wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná kí oníbàárà tó dé. Gíà tó ń ṣòro wọ ní òwúrọ̀ lè máa wọlé wẹ́rẹ́ bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá ti gbóná. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá ọjà, kí wọ́n wọ àdúgbò tó pa rọ́rọ́, torí etí ló fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Níbẹ̀ ló ti sítáàtì rẹ̀. Ó fi í sí fíríì, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó tẹ́tí. Bó ṣe wà yẹn, ọ̀pá tó ń gba agbára ẹ́ńjìnì wọ inú gíábọ́ọ̀sì ń yí. Bí ariwo bá wà nígbà náà, tó sì dákẹ́ nígbà tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, béárìn inú gíábọ́ọ̀sì ni kí a fura sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì gan-an ni ariwo bẹ̀rẹ̀, béárìn kílọ́ọ̀ṣì ló ti ń lọ. Ọkọ̀ yìí dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní fíríì. Bí ọ̀gá ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, igbe tín-ínrín kan jáde. Àwọn awakọ̀ tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Abúlé-Ẹ̀gbá ló ń fa irú èyí.

Ibi rìfáàsì ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọ̀gá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ó ní sùúrù díẹ̀, ó fà á sí rìfáàsì. Gíà náà han gooro, bí ẹni fi irin rẹ́ irin. Ẹni tó ń tà á yára sọ̀rọ̀: "Mẹkáníìkì mi ti sọ ọ́, gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Ó ní kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀. Mo ṣe tán láti dín owó." Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíákíá, ó tún fà á sí rìfáàsì. Ó wọlé láìdún rárá.

Rìfáàsì kì í sábà ní òrùka idẹ tí ń mú kí eyín gíà bá ara wọn dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí kílọ́ọ̀ṣì tí kò tú sílẹ̀ tán. Ọ́ìlì bíréèkì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì Hiace. Bí afẹ́fẹ́ bá wọnú ọ́ìlì náà, tàbí rọ́bà inú ọ́pà (pọ́ǹpù òkè, níbi ẹsẹ̀ awakọ̀) tàbí lówà (ti ìsàlẹ̀, lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì) bá jẹ, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò ní tó. Ọ̀gá na ọwọ́ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, ó sì fi ìka tó tutù fún ọ́ìlì hàn wá. Ọ́pà ló ń jò. Inú bí mi sí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ náà. Rọ́bà kékeré kan ló fẹ́ sọ di owó gíábọ́ọ̀sì, ẹni tí kò mọ̀ ì bá sì san án.

Ó wá gbé háńdì-bíréèkì sókè gan-an, ó fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, ó tẹ tìrótù díẹ̀, ó sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó gbó dáadáa yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa hó lọ. Èyí tó yè yóò pa á lójú ẹsẹ̀. Tiwa fà á díẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó dán an wò, nítorí ìdánwò yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ dísìkì kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yìn ìyẹn la jáde sí márosẹ̀, a kọjú sí afárá Abúlé-Ẹ̀gbá, èyí tí ìjọba Àḿbọ̀dé ṣí lọ́dún 2017. Òkè afárá náà ló wúlò fún wa. Ní gíà kẹrin, bí ọ̀gá ṣe tẹ tìrótù, ohùn ẹ́ńjìnì ga, ṣùgbọ́n ìyára kò tẹ̀lé e. Òórùn jíjóná díẹ̀ wọ imú wa. Ó ní kí ìyá náà gbọ́ ọ fúnra rẹ̀: "Ẹ gbọ́? Ó ń yọ̀." Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó wọ gíà kejì, ó ju tìrótù sílẹ̀ lójijì. Gíà tí eyín rẹ̀ ti gbó máa ń já padà sí fíríì níbẹ̀. Èyí dúró. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé láti kẹta sí kejì, ó ń dún díẹ̀ bí a kò bá rọra, ìyẹn sì ni pé òrùka idẹ gíà kejì ti ń jẹ. Ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yẹn jáde, lọ́dún 1928. Kó tó tàn kálẹ̀, àwọn awakọ̀ bọ̀lẹ̀kájà máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì fún gíà kan, wọn a sì fi tìrótù bá a dọ́gba. Ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo náà sì lọ.

Nínú Hiace, gíà kẹrin máa ń gba agbára kọjá tààrà. Bí ariwo bá wà ní gbogbo gíà, tó sì dákẹ́ ní kẹrin, béárìn ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni kí a fura sí, ẹ má sì ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní owó tí wọ́n dá lé e. Tiwa kò ní irú rẹ̀.

Nígbà tí a padà, wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì, wọ́n da díẹ̀ nínú ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Eruku idẹ tín-tìn-tín wà nínú rẹ̀, èyí tí òrùka gíà kejì ti sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí èérún irin kankan. Bí irin tó ṣeé fi ọwọ́ mú bá wà níbẹ̀, ìdúnàádúrà parí.

Ọ̀gá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n yọ nínú owó: dísìkì, pírẹ́ṣọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àti béárìn kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí wọ́n bá ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kò bójú mu kéèyàn pààrọ̀ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀, àti ọ́pà tuntun. Ẹni tó ń tà á gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ onígíà tí wọ́n ti lò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọ̀dà tàn yín. Bí onítọ̀hún kò bá gbà kí ẹ gun afárá pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ẹ wo ọ́ìlì gíà, ẹ gbé owó yín padà sílé.