Oorun Inú Orí Tirélà



Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní kọjá lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde lóru yóò rí tirélà tí wọ́n pa sí ẹ̀gbẹ́ títì. Èèyàn ló ń sùn nínú orí ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ọkọ ẹlòmíràn nínú wa ni, àbúrò ẹlòmíràn sì ni mọ́tò bọ́ì rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ilé, ọ̀rọ̀ owó àti oúnjẹ la máa ń bá wọn sọ. A kì í sábà béèrè bí wọ́n ṣe sùn.

Láàárín oṣù Fẹ́búárì sí Épírì, ooru ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í lọ lóru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára. Nínú ọ̀pọ̀ tirélà, abẹ́ ìjókòó gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, irin gbígbóná yẹn á ṣì máa yan orí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò yẹ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe ń pa ọkọ̀. Kó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ ná, kó kírun, kó jẹun, kí ooru jáde.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù kì í ṣe ooru fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe láti sá fún un. Awakọ̀ á ti gbogbo gíláàsì, á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ́síì lè ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí páìpù èéfín bá ti jò, tàbí tí ọkọ̀ mìíràn ń tú èéfín nítòsí, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Gáàsì carbon monoxide wà nínú èéfín náà. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ sì ju ti ọ́síjìn tí à ń mí lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Bí ẹnikẹ́ni bá jí nínú ọkọ̀ tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, kó jáde síta lójú ẹsẹ̀, kó sì jí ẹnì kejì rẹ̀.

Èédú ní gáàsì yìí kan náà. Lóṣù Jánúárì, òru Kánò lè tutù dé 13°C, ẹni tó fi ṣẹ́ẹ̀tì kan kúrò ní Ìjẹ̀bú á sì fẹ́ gbé ìkòkò èédú sínú ọkọ̀. Ẹ di bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ fún un láti ilé. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti fi iná sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Orí tirélà ni ilé ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Bàbá awakọ̀ kan fi ọgbọ́n tirẹ̀ hàn wá. Ó ní kí télọ̀ rán àwọ̀n ẹ̀fọn bí àpò, tó ń fi wọ ilẹ̀kùn láti òkè. Ó ń sọ gíláàsì kalẹ̀ lápá méjèèjì, atẹ́gùn ń kọjá, ẹ̀fọn kò ráyè. Rewáyà so fáànù kékeré oní-24 volt mọ́ bátìrì fún un. Ó tún máa ń kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí gábàsì kí oòrùn àárọ̀ má bàa bọ́ sí gíláàsì iwájú (Mùsùlùmí kankan ò sì ní máa wá gábàsì kiri), á wá fi páálí dí gíláàsì náà. A bi í nípa olè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí tí ọ̀dẹ sì wà lòun ń sùn. Ànábì wa náà ti ní kí arìnrìn-àjò yà kúrò lójú ọ̀nà bó bá fẹ́ sinmi lóru.

Kí omi wà nítòsí wọn. Ẹni tó làágùn púpọ̀ lè po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà 1. Ti paraga, ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ sọ ọ́. Bí ooru bá mú ẹnì kan débi pé ara rẹ̀ gbóná janjan tó sì ń sọ kántankàntan, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà.

Nínú ọkọ̀ kan, a rí ike ìtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà àlùwàlá. Kò dára. Kí wọ́n fi ráábà bo fóòmù, kí wọ́n máa fọ aṣọ orí rẹ̀, kí wọ́n sì máa sá a.

Ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀, bí ọkọ̀ bá wálé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú téèpù lọ wọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó ra àwọ̀n. Ilẹ̀kùn tirélà kan kò bá ti èkejì mu.