Nítorí àlejò ni Fedora ṣe fi nano rọ́pò vi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows.

Ìgbà mìíràn wà tí Linux fúnra rẹ̀ yóò ṣí ètò ìkọ̀wé kan sílẹ̀, pé kí ẹni tí ó ń lò ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó tẹ̀síwájú. Ní Fedora, ẹ̀yà Linux tí ilé iṣẹ́ Red Hat ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, vi ni ètò náà fún ọdún gbọọrọ.

Lọ́dún 1976 ni Bill Joy ṣe vi ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ìlà tí ó so mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà ń falẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyí tí lẹ́tà kan ṣoṣo fi ń dúró fún odindi àṣẹ. Bí ènìyàn bá ṣí vi, àfi kí ó kọ́kọ́ tẹ i kí ó tó lè kọ ọ̀rọ̀. Láti jáde láìtọ́jú ohun tí ó kọ, yóò tẹ Esc, yóò tẹ :q!, yóò sì tẹ Enter. Ta ni yóò sọ èyí fún àlejò? Ọ̀pọ̀ ló há síbẹ̀.

Nígbà tí Fedora 33 jáde lọ́dún 2020, nano gba ipò vi. Ní ti nano, bí ènìyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń hàn. Àwọn àṣẹ wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí wọn: Ctrl àti X ni ọ̀nà àbájáde. Debian àti Ubuntu ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Àwọn ògbólógbòó ní kò sí ibi tí ènìyàn lè dé nínú ìdílé Unix tí kò ní bá vi, pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní sọnù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Fedora kò lé vi jáde nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, ìlà kan péré ni yóò kọ sínú fáìlì .bashrc rẹ̀: export EDITOR=vi.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ vi mọ bí yóò ṣe dá a padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò tilẹ̀ mọ orúkọ ohun tí ó há sí. Ohun tí gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, àlejò ló yẹ kí á fi sọ́kàn bí a bá ń yàn án.