Bí Ìkarahun Ṣe Ń Wọ Àyíká Àyàsọ́tọ̀ Python Fúnra Rẹ̀

Láti ọdún 2012, nígbà tí ẹ̀dà 3.3 jáde, ni Python ti ní irinṣẹ́ venv nínú. Irinṣẹ́ yìí a máa dá àpò-fáìlì kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí irinṣẹ́ iṣẹ́ kan má baà dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn. A lè fẹ́ pè é ní 'àyíká àfarawé', ṣùgbọ́n kò fara wé ohunkóhun. Àpò gidi ni. 'Àyíká àyàsọ́tọ̀' ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Wíwọ àyíká yìí kò ju pé kí a fi àpò bin rẹ̀ ṣíwájú nínú PATH, èyíinì ni àtòjọ ibi tí ìkarahun, ètò tí ń gba àṣẹ tí a tẹ̀, ti ń wá àṣẹ wọ̀nyí. Ìkarahun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ka fáìlì activate, nítorí pé ètò tí ìkarahun bí kò lè tún PATH òbí rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ source ṣáájú rẹ̀.

Bí a kò bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́, zsh ní chpwd, tí ń ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá ṣí láti àpò kan sí òmíràn. Ní ti bash, PROMPT_COMMAND ni a sábà ń lò. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti fi deactivate sí i fún ìgbà tí a bá kúrò níbẹ̀ yóò rí i pé pip ń kó irinṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ.

Ewu kan wà níbẹ̀. Àṣẹ ni ó kún inú activate. Bí àpò náà bá ti ọwọ́ àjèjì wá, wíwọ inú rẹ̀ lásán ti mú àṣẹ àjèjì ṣẹ. Nítorí èyí ni direnv kì í fi ka fáìlì .envrc àfi bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ tẹ direnv allow. Bí fáìlì náà bá sì yí padà, yóò tún béèrè.